Níbo Ni Wọ́n Ń So Ọkọ̀ Mọ́?

Bí ẹnì kan bá gbé dáyórámà fíìmù síwájú mi pé kí n bá òun wò ó bóyá ó tó owó tí wọ́n dá lé e, ojú mi kì í kọ́kọ́ lọ sára ọmọlangidi tó dúró nínú rẹ̀. Ibi tí ọmọlangidi náà fẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo ń wò, pàápàá bí ibẹ̀ bá jẹ́ omi. Àwọn tó ń ṣe ọmọlangidi ti já fáfá. Wọ́n lè ya ojú òṣèré kan títí a ó fi rí ìlà iwájú orí rẹ̀ àti irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ṣùgbọ́n ẹ wo omi tí wọ́n dà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: nígbà púpọ̀, ṣe ló ń dán bíi tábìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọmọ Ìlàjẹ, ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tó ti ń sáré lórí afárá pákó kí ó tó mọ̀wé kà kò ní pẹ́ mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò gbé etí omi rí.

Dáyórámà kò ju ìran kékeré lọ, tí wọ́n fi pákó, fóòmù, ike, ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù kọ́, kí ọmọlangidi inú fíìmù lè rí ibi dúró sí tó sàn ju orí pẹpẹ lásán lọ. Ó lè jẹ́ ògiri tó wó lápá kan, ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú, ọjà, igbó, tàbí àbàtà. Àwọn àgbàlagbà tó ń kó ọmọlangidi jọ ló ń rà á, kì í ṣe ọmọdé. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé. Ní July 1822 ni Louis Daguerre àti Charles Bouton ṣí ilé ìran kan ní Paris, tí wọ́n ń fi àwòrán ńláńlá han èrò níbẹ̀, tí wọ́n sì ń yí ìmọ́lẹ̀ padà títí ọ̀sán yóò fi di alẹ́ lójú àwọn tó ń wòran. Ilé náà jóná ní 1839. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn ẹranko Áfíríkà tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní New York, iṣẹ́ tí Carl Akeley bẹ̀rẹ̀ ni, ẹni tó kú sí Congo ní 1926.

Ní ti ọmọlangidi fíìmù, ìtàn tó wù mí jù ni ti 1977. Star Wars jáde ní May ọdún náà, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń sunkún ọmọlangidi rẹ̀, ṣùgbọ́n Kenner, ilé-iṣẹ́ tó gba àṣẹ láti ṣe é, rí i pé ọjà kò ní tán ní ṣíṣe kí Kérésì tó dé. Ni wọ́n bá ta àpò páálí pẹlẹbẹ kan. Ìwé ẹ̀rí wà nínú rẹ̀ pé a ó fi ọmọlangidi mẹ́rin ránṣẹ́ bó bá yá, páálí mìíràn sì wà tí wọ́n ya àwòrán àwọn ẹ̀dá fíìmù náà sí, èyí tí ọmọ yóò gbé nàró di 1978 tí àwọn ọmọlangidi fi dé. Ibùdó ti dé ilé kí ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ tó dé! Wọ́n fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n èmi ti kọ́ ọgbọ́n kan níbẹ̀. Mo máa ń kó gbogbo ọmọlangidi kúrò nínú dáyórámà kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ohun tó kù kò bá fi hàn pé ẹnì kan ń gbé ibẹ̀, pé ẹnì kan ń jẹun, tó ń sá aṣọ, tó ń da omi ìdọ̀tí nù níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yìn fọ́tò lásán ni wọ́n ń tà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń mú téèpù. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú ọmọlangidi fíìmù. Èyí tó ga ní ínǹṣì 3.75, tí Kenner sọ di ti gbogbo ayé, jẹ́ ìdá kan nínú 18 ènìyàn gidi. Èyí tó ga ní ínǹṣì mẹ́fà jẹ́ ìdá kan nínú 12. Èyí tó ga ní ínǹṣì 12, irú G.I. Joe tí Hasbro gbé jáde ní 1964 àti èyí tí Hot Toys ń ṣe lónìí, jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan ilé wa ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ ìpẹja tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24 yóò di ínǹṣì 16 fún ọmọlangidi kékeré, yóò di ẹsẹ̀ bàtà méjì fún ti àárín, yóò sì di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gbáko fún ti ńlá. Ìyẹn ti gba gbogbo pẹpẹ, a kò tíì sọ̀rọ̀ ilé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé ìdá kan nínú 12 ló dára jù fún ìran etí omi. Òpó tó gbé ilé kúrò nínú ẹrẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yóò jẹ́ ínǹṣì mẹ́fà, afárá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì yóò jẹ́ ínǹṣì méjì, ilé méjì àti ọkọ̀ kan yóò sì gba orí tábìlì kan.

Àwọn ọlọ́jà máa ń dọ́gbọ́n níbí o. Wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé ìran náà bá ọmọlangidi ínǹṣì mẹ́rin mu, ó tún bá ti méje mu. Kò ṣeé ṣe. Àtẹ̀gùn ni kí ẹ wò. Bí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo bá ga dé orúnkún ọmọlangidi, ilé òmìrán ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn bá sì wà ní orúnkún ọmọlangidi náà, ilé ọmọ ìkókó ni.

Nínú gbogbo ìran fíìmù tí wọ́n ti sọ di dáyórámà, Dagobah ni ọmọ etí omi lè fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ lé lórí. Òun ni ayé àbàtà tí Luke Skywalker ti lọ bá Yoda nínú fíìmù Star Wars tí wọ́n ń pè ní The Empire Strikes Back, tó jáde ní 1980. Kò sí àbàtà kankan níbi tí wọ́n ti ya á. Inú ilé ni, ní Elstree, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé ilẹ̀ Dagobah ga kúrò nílẹ̀ gidi, kí Frank Oz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀, kí wọ́n máa ti abẹ́ pákó darí Yoda, tó jẹ́ ọmọlangidi. Ẹ̀yin ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí ẹ mọ ilé orí òpó, ẹ gbọ́ nǹkan: orí òpó ni Yoda náà ń gbé! Lẹ́yìn fíìmù náà ni Kenner ṣe Dagobah ọmọdé kan tó ní ibi tí wọ́n fi fóòmù dí. Ọmọdé lè ti ọmọlangidi bọ inú fóòmù náà kí ó rì. Ike àti fóòmù lásán ni, ó sì jẹ́ ti ọmọdé lóòótọ́, síbẹ̀ ó mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àgbàlagbà kò mọ̀: ẹrẹ̀ máa ń gba ẹsẹ̀ mì.

Ní 2022 ni LEGO gbé tiwọn jáde fún àwọn àgbàlagbà, nọ́ńbà 75330, tó jẹ́ ẹyọ 1,000, tó fẹ̀ tó bíi sẹ̀ńtímítà 29. Luke wà níbẹ̀, Yoda wà níbẹ̀, R2-D2 wà níbẹ̀, ahéré Yoda pẹ̀lú inú rẹ̀ wà lápá kan, apá ọkọ̀ òfurufú Luke sì yọ láti inú omi lápá kejì. Téèpù kò wúlò fún èyí, nítorí ọmọlangidi LEGO kò ní ìwọ̀n ara ènìyàn. Ohun tí mo yìn nínú rẹ̀ ni apá ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ lè gbé odindi ọkọ̀ sórí omi kí ó fi wu èèyàn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi díẹ̀ hàn, ó jẹ́ kí omi bo ìyókù, ojú ẹni tó ń wò ó ló wá ń parí ọkọ̀ náà nísàlẹ̀. Etí omi gan-an nìyẹn: ohun tó wà lábẹ́ máa ń pọ̀ ju ohun tó wà lókè lọ. Àwọn kan ṣàròyé pé omi rẹ̀ tẹ́jú jù. Èmi kò bá wọn wí i. Omi inú àbàtà, lẹ́yìn ẹ̀gbà, níbi tí atẹ́gùn òkun kì í dé, ó máa ń tẹ́jú, ó máa ń dúdú, ó sì máa ń dákẹ́. Ẹni tó bá fi ìgbì sí irú omi bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Àbùkù tí mo rí ni pé ibi tí omi ti pàdé igi mọ́ tónítóní. Kò sí àmì pé omi kún rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àmì pé ó fà rí.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí mú mi rántí àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó ní Nakia, ọmọ ẹ̀yà etí odò nínú Black Panther ti 2018, ọmọlangidi ínǹṣì mẹ́fà. Fíìmù yẹn náà ni Hannah Beachler fi gba Oscar ní 2019 nítorí bó ṣe gbé ìlú Wakanda kalẹ̀, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn yẹn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi pinnu pé bí Nakia bá jẹ́ ọmọ etí odò, kò sí ibi tó yẹ ẹ́ ju Ìlàjẹ lọ. Ó fi igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń jẹ áísìkiriimù ṣe afárá, ó fi agolo bíà tó ti tẹ̀ ṣe páànù, ó da omi, ó lẹ ọkọ̀ mọ́ ọn. Ó dára lójú. Nígbà tó délé, ó gbé e lọ han ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Bàbá wọ jígí ojú wọn, wọ́n yí nǹkan náà po. "Ó dára o, ọmọ mi. Níbo ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá, mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ omi ni."

"Ṣé ọkọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ omi lẹ ń wà l'Ékòó? Ìyàwó tó dúró yìí ńkọ́, níbo ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀ bí omi bá fà? Ibo ló ti ń yan ẹja?"

Kò sí okùn, kò sí òpó ìsokọ̀, kò sí àkàbà, kò sí àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹja. Bàbá kò sọ̀rọ̀ nípa páànù tàbí ọ̀dà rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn nìyẹn tí àbúrò mi fi òru ṣe. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè Bàbá ni mo fi ń yẹ dáyórámà gbogbo wò, títí kan èyí tí kò ní omi. Nínú ọkọ̀ òfurufú Star Wars, níbo ni wọ́n ń gbé ọwọ́ lé bó bá ń mì? Nínú ọjà, níbo ni alájàpá ń kó owó sí?

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí omi, nítorí ibẹ̀ ni owó ń lọ sí. Résìn ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí, èròjà olómi méjì tí wọ́n pò pọ̀ tó sì ń le. Bí wọ́n bá dà á nípọn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò gbóná láti inú ara rẹ̀, yóò là tàbí kí ó hó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń dà á ní ìpele-ìpele, á jẹ́ kí ọ̀kan le kí ó tó da èkejì. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó há sínú rẹ̀, ìkánjú ni wọ́n fi ṣe é. Nǹkan kan tún wà: résìn máa ń gun òpó díẹ̀ níbi tó bá ti kàn án. Omi gidi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kéré débi pé bí a bá fi ṣe ìdá kan nínú 12, ojú kò lè rí i mọ́. Ibi tí omi bá ti gun òpó ní ìdajì ínǹṣì, ó ti tú ara rẹ̀ fó. Ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e kúrò.

Òpó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ mẹ́ta. Ó gbẹ, ó sì funfun díẹ̀ lókè níbi tí oòrùn ń pa á. Ó dúdú, ó sì ń yọ̀ láàárín níbi tí omi ń kún dé tó sì ń fà kúrò. Ó ní ìkarahun àti ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe iyanrìn. Etíkun wa láti ìhà Màhín lọ sí Awoyè kò rí bíi ti Èkó. Ẹrẹ̀ ló fi ṣe etí òkun, kì í ṣe iyanrìn pupa tí àwọn àlejò ń fi kámẹ́rà wá. Bí ẹnì kan bá ta ìran abúlé apẹja fún yín pé ti Ìlàjẹ ni, tó sì da iyanrìn sí i, ó ti gbé ibòmíràn wá. Èyí tó tún burú ni ewéko omi, èyí aláwọ̀ ewé tó ń rúwé bo ojú odò, tó ń dí ẹ̀rọ ọkọ̀ lọ́wọ́. September 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní odò Badagry. Mo ti rí ìran kan tó yẹ kó jẹ́ ayé àwọn bàbáńlá wa, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti apata, tí ewéko yìí kún inú omi rẹ̀ bámúbámú. Ẹni tó ṣe é rò pé òun fi ẹwà kún un ni.

Ìwọ̀n ẹní ni ìṣòro mìíràn. Nínú Avatar: The Way of Water ti 2022, àwọn ẹ̀yà Metkayina ń gbé inú ilé híhun tí wọ́n so sáàárín gbòǹgbò igi etí òkun, LEGO sì ti sọ ọ́ di ọjà ní 2023. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń hun ẹní yóò rí i pé búrọ́ọ̀kì kò lè hun nǹkan. Kò sì rọrùn fún ẹlòmíràn náà: ẹ̀rún koríko ẹní tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì yóò di ìdá kan nínú 48 ínǹṣì fún ọmọlangidi ti àárín. Òwú ìránṣọ nìkan ló lè ṣe é. Bí ẹ bá rí ẹní inú dáyórámà tí wọ́n fi òwú hun lóòótọ́, ẹ san owó tí wọ́n bá pè.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló mọ iṣẹ́ kékeré. Ìpínlẹ̀ Òǹdó yìí ni Justus Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ère láàárín àwọn ọdún 1930. Ẹ̀gún náà rọ̀, ó sì tètè ń ṣẹ́. Àwọ̀ mẹ́ta ló ní, èyí tó funfun díẹ̀, èyí tó pupa fẹ́rẹ́ àti èyí tó dà bí ilẹ̀, àwọn oníṣọ̀nà kì í sì í kùn ún, àwọ̀ ẹ̀gún ni wọ́n fi ń ya aṣọ sọ́tọ̀ lára awọ ènìyàn. Nínú ìran tí àwọn tó tẹ̀lé e ń gbẹ́, ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn awakọ̀ rẹ̀ kò ní omi kankan lábẹ́ rẹ̀, pákó pẹlẹbẹ ló jókòó lé. Síbẹ̀ ẹ ó mọ̀ pé omi ni, nítorí bí ẹ̀yìn àwọn awakọ̀ ṣe tẹ̀, bí àjẹ̀ wọn ṣe dagun papọ̀. Ìṣọwọ́-dúró ló ṣe omi náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí dáyórámà tó ní èèkàn tí wọ́n ti kàn mọ́lẹ̀, tí ẹsẹ̀ ọmọlangidi gbọ́dọ̀ wọ̀ kó tó lè dúró. Ọmọlangidi òde òní ní oríkèé lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó lè tẹ̀ba, ó lè fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Èèkàn kan ti sọ ọ́ di sójà níwájú báńkì.

Mo fẹ́ rí ẹni tí yóò ṣe ti Mami Wata, fíìmù C.J. Obasi tó jáde ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní 2023. Orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti ya á, abúlé etí òkun ni ìtàn rẹ̀, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, ayàwòrán rẹ̀ Lílis Soares sì gba ẹ̀bùn ní Sundance. Dáyórámà tí kò ní àwọ̀! Kò sí búlúù tí yóò ran omi lọ́wọ́. Eérú, èédú àti ẹfun nìkan ni oníṣẹ́ yóò fi ya òkun sọ́tọ̀ lára òru. Ta ló lè ṣe é? Mo mọ ẹni méjì tó ti gbìyànjú tí wọ́n sì padà sí àwọ̀.

Níkẹyìn, ilé tí dáyórámà yóò wà lọ́dọ̀ yín kì í ṣe ilé New York. Afẹ́fẹ́ wa kún fún ọ̀rinrin, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ekuru igi tẹ̀ pọ̀ máa ń wú, irin kéékèèké inú rẹ̀ máa ń dípẹtà, ike rírọ̀ tí wọ́n fi ṣe ọmọlangidi máa ń tẹ̀ ní ẹsẹ̀ bí ooru bá pọ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹ bá dì í pa. Oòrùn ojú fèrèsé á sọ résìn di pupa rúsúrúsú. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ onípílíwúùdù tí wọ́n ti kun ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún, kí ẹ sì jìnnà sí èyí tó jẹ́ páálí.

Owó ẹrù ló tún yẹ kí ẹ mọ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹrù kì í wo ìwọ̀n nìkan, wọ́n ń wo àyè tí ẹrù gbà. Wọ́n á fi gígùn, ìbú àti gíga páálí sọ ara wọn di púpọ̀ ní sẹ̀ńtímítà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì fi 5,000 pín in. Páálí tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 40 yóò jẹ́ kílò 19.2 lọ́wọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílò mẹ́rin ni ohun inú rẹ̀. Bó bá dé Èkó, ó ku ọ̀nà dé Igbókòdà, láti ibẹ̀ ó ku ọkọ̀ ojú omi, ẹ sì mọ bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ṣe ń fò lórí omi. Omi résìn tó lẹ̀ mọ́ ilé láì ní àlàfo yóò là kí ẹ tó dé Ayétòrò. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ilé ṣeé yọ kúrò lórí òpó, bóyá òpó ṣeé yọ kúrò nínú omi, kí ẹ lè kó wọn sínú páálí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.